Òdòdó Inú Itẹ́ Òkú

Harlan Tidwell ló ń bá wọn gé koríko itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àríwá Alabama, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí sókè ilẹ̀. Iṣẹ́ náà ti sú u. Bí òtútù ọdún kan ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó fọ́n oògùn apakoríko sáàárín àwọn ibojì kí ó lè sinmi.

Kò rántí òdòdó. Lóṣù Mẹ́ta ọdọọdún, òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè máa ń bo ibẹ̀ bí ẹní. Ẹbí músítádì ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà káàkiri, ṣùgbọ́n irú èyí tí èso rẹ̀ nípọn yìí kì í hù níbòmíràn láyé yàtọ̀ sí agbègbè tiwọn.

Oṣù Mẹ́ta dé, òdòdó kankan ò yọ; ilẹ̀ gbẹ, ó pọ́n. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun lẹ́yìn ìsìn, ẹnìkan ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ oògùn oko Dewitt Scoggins, bàbá àgbà tí oko rẹ̀ bá ṣọ́ọ̀ṣì pààlà, ni atẹ́gùn gbé wá. Harlan gbé ẹ̀wà ẹnu rẹ̀ mì, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó jókòó ti Dewitt.

Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu Harlan mọ́. Verna ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá Dewitt níbi tó ti ń fún màlúù lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ òjò ló fi bẹ̀rẹ̀.

Dewitt dá a dúró. “Harlan, mo rí ẹ lọ́jọ́ tó o pọn pọ́ǹpù oògùn yẹn. Mo tiẹ̀ juwọ́ sí ẹ.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn, Bọ̀ọ̀dá?”

“Ẹnu tìẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde.”

Ojú ti Harlan débi pé ìdí màlúù ló ń wò.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde lójú ìjọ, ó jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bú u, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Nígbà tí èso òdòdó gbẹ, Dewitt ní kó wá bu erùpẹ̀ tí èso ti bọ́ sí lẹ́yìn ọgbà màlúù òun, níbi tí òdòdó náà ṣì wà. Ọwọ́ lásán ni Harlan fi ha á, tó sì fọ́n ọn sáàárín ibojì.

Lọ́dún kejì, díẹ̀ hù. Àwọn àlejò tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ń yìn ín pé ó kú iṣẹ́. Harlan yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ wọn fi lọ.