Bẹ́líìtì Onírin Tí Bàbá Wa Fi Gba Ife

Ó ku ọ̀la kí eré ìje bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wọ gáráàjì, tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi Reino lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi sípánà di bẹ́líìtì onírin tí bàbá wa lò mọ́ abẹ́ alùpùpù orí yìnyín, níbi tó ti máa ń yí dípò táyà. Bẹ́líìtì rọ́bà tuntun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró dè wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò tiẹ̀ tú u. N ò kí ẹnikẹ́ni.

"Bọ̀ọ̀dá Reino, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Ohun tó o fojú rí ni." Kò gbójú sókè. "Eré ojúlówó lọmọ yìí fẹ́ sá. Bí alùpùpù ṣe jáde nílé iṣẹ́ lọ́dún 1971 ló gbọ́dọ̀ rí. Tá a bá gbé rọ́bà rẹ yẹn sí i, àárín àwọn tí ẹ̀rọ wọn lágbára jù ú lọ ni wọ́n máa tì í sí. Yìnyín ni yóò máa jẹ lẹ́yìn wọn."

"Kó jẹ ẹ́. Yìnyín jíjẹ kì í pani."

Kaisa ọmọ mi jókòó sórí garawa, ó ń jẹ pastì ẹlẹ́ran. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, òun ló sì máa gun alùpùpù náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bẹ́líìtì yẹn ṣe fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo ń gun alùpùpù kejì tẹ̀ lé bàbá mi nínú ìje lórí adágún wa yìí, tó máa ń dì gbagidi nígbà òtútù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ rọ́bà bẹ́líìtì rẹ̀ já, ó fò sẹ́yìn, ó bà mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Eyín mẹ́rin lọ, eegun àgbọ̀n fọ́. Bàbá mi ò dúró. Ó sáré náà parí, ó gba ife, wọ́n rọ́pò ọ̀pá tó já, wọ́n sì gbé bẹ́líìtì náà kọ́ sára ògiri bí ìwo àgbọ̀nrín. Gbogbo Kérésì ni wọ́n máa ń sọ ìtàn ife yẹn, tó bá sì kan eyín mi, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: "Aili ló fi eyín ra ife fún wa!" Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni inú ti ń bí mi. N ò fi pa mọ́.

Reino rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá."

"Ejò náà gan-an lẹ gbé kalẹ̀ yìí! Èwo ni tekòló?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ra rọ́bà bẹ́líìtì àtijọ́ náà. Ó dúdú jù, ó ń dán. Rọ́bà ọdún mẹ́tàdínlógójì kì í dán bẹ́ẹ̀. Mo ki àkísà bọ pẹtiróòlù, mo nu ún. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun táyà bá àkísà jáde, àwọn ibi tó ti là sì yọjú nídìí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Èékánná mi wọ inú wọn.

Orí mi gbóná. Àárọ̀ ọ̀la làwọn aláyẹ̀wò máa wo abẹ́ gbogbo alùpùpù, ìdí tí wọ́n fi kùn ún nìyẹn.

"Ẹ kun ún kí wọ́n má baà rí i! Ẹ̀yin àgbàyà yìí! Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi nìkan ò tó yín ni?"

Reino wo àkísà náà, ó lanu sílẹ̀. "Aili, èmi kọ́. N ò mọ̀."

"Èmi ni, Màámi," ni Kaisa wí. Ó gbé pastì rẹ̀ sílẹ̀.

N ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí àyè ẹ̀.

"O rí i pé ó ti là?"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe mí ní nǹkan kan. Tó bá já, ẹ̀yìn ló máa fò sí. Iwájú ni mo máa wà."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fọ́mọdé. Ọwọ́ mi lọ sókè láti gbá a létí. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dì í tán."

"Aili, fara balẹ̀ ná."

"Mo ní ẹ dì í tán!"

A tì í dé orí adágún. Bí Kaisa ṣe ń de akoto ni mo gun alùpùpù Reino tó wà létí adágún, mo de akoto tirẹ̀, mo sì ṣí gíláàsì iwájú rẹ̀ sókè.

"Màámi, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ̀yìn. Bó o ṣe máa sá a lọ́la ni kó o sá a."

"Ẹ pa gíláàsì yẹn dé, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló kàn ọ́? Kò kúkú lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Ó ṣíná. Mo sún mọ́ ọn débi pé mo ń rí àwọn ọ̀pá irin náà bí wọ́n ṣe ń yí bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yìnyín wẹ́wẹ́ ń ta sí mi lójú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ìbínú nìkan ló di ọwọ́ mi mú. Nígbà tá a dé kọ́nà kìíní, ó bojú wẹ̀yìn. Ó tún bojú wẹ̀yìn. Eré rẹ̀ rọlẹ̀. Ó yà sọ́tùn-ún kí n lè kọjá, mo yà tẹ̀ lé e. Ó yà sósì, mo tún yà. A ò tíì lọ dé ìdajì tó fi paná, tó fò sílẹ̀, tó ń bọ̀ wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú.

"Ẹ kọjá! Kí ló dé tẹ́ ò kọjá?"

"Ta ló máa wà níbi tí mo wà yìí lọ́la?"

Ó fi ìbọ̀wọ́ nu imú.

"Senja," ló wí. "Nọ́ńbà rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Senja. Kaisa padà sídìí alùpùpù náà, kò ṣíná sí i mọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ lọ sọ́nà ilé. Inú ṣì ń bí mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mo bá a tì í.