Ìrẹsì Àwọn Tí Wọ́n Lé Wálé

"Ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ wà, Ìyá?"

Ìgbà kẹta nìyí tí Édouard akọ̀wé ń bi obìnrin náà. Safurat lorúkọ rẹ̀. Ó pọn ọmọ ọlọ́dún méjì sẹ́yìn, bàtà kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ni ọkọ̀ ojú omi já òun àti àwọn ará Dahomey tí wọ́n lé kúrò ní Abidjan sílẹ̀ ní èbúté Kútọnu.

"Mi ò ní ẹgbẹ́ kankan, ọ̀gá akọ̀wé. Ọmọ Ṣábẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ò tíì jẹun láti àná."

Àpò ìrẹsì tò sẹ́yìn Édouard kan àjà. Gbogbo ìlú ló dá a jọ fún àwọn tí wọ́n lé wálé. Ṣùgbọ́n ìbò ń bọ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tiwa ni kó fún, kí ẹgbẹ́ àwọn ará òkè bọ́ àwọn ará òkè.

"Ẹ lọ dúró lẹ́yìn ọgbà," ni ó wí, kò gbójú sókè.

Safurat kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì lọ. Ọpẹ́ yẹn dun Édouard ju èébú lọ. Síbẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ kejì gúnlẹ̀. Clotilde, àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Abidjan, wà nínú rẹ̀. Édouard dì mọ́ ọn, ó sunkún, ó sì gbé odidi àpò kan kalẹ̀ fún un láìbéèrè ohunkóhun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá obìnrin kan, Safurat. Ọkọ̀ àárọ̀ ló bá dé. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló fi mí pamọ́ sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń lé wa lu ọkọ rẹ̀ pa lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ kò sọ pé mo wà nínú ilé."

 Édouard mú un lọ sẹ́yìn ọgbà, ṣùgbọ́n Safurat ò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí yanrìn ní ó ti wá oúnjẹ lọ sáàárín ìlú. Ó ní ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ò sunkún mọ́, ọrùn rẹ̀ ti rọ.

"Kí ló gbé e wá sẹ́yìn ọgbà níbí?" ni Clotilde béèrè.

"Kò sí nínú ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní kí n…"

"Ẹgbẹ́?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń fi kùmọ̀ lé wa kiri, kò sẹ́ni tó béèrè ẹgbẹ́ wa. Ọmọ Dahomey ni wọ́n ń pe gbogbo wa."

Clotilde bọ́ sójú ọ̀nà lọ wá Safurat, ó ń fi ẹsẹ̀ tí kùmọ̀ bà tiro lọ. Édouard fẹ́ tẹ̀ lé e, àmọ́ àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti rán lọ sẹ́yìn ọgbà láàárọ̀ ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn yanrìn kúrò láṣọ. Bàbá arúgbó náà ṣí fìlà.

"Ọ̀gá akọ̀wé," ni ó wí, "ṣé ó ti kàn wá?"