Ọ̀rọ̀ Ìṣe Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ orogún mi, "clepe" ni n ó dárúkọ. Obìnrin kọ́, ọ̀rọ̀ ìṣe lásán ni. Láyé àtijọ́, òun ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò tí wọ́n bá fẹ́ pe ènìyàn lórúkọ. Nígbà tó yá, àwọn ará àríwá wọ ọkọ̀ ojú omi dé pẹ̀lú "call" tiwọn, ni àlejò bá gbalé mọ́ onílé lọ́wọ́.

Ambrose, àfẹ́sọ́nà mi, ni wọ́n gbé ìtàn ọ̀rọ̀ náà fún níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ní Oxford. Kó wádìí ọdún tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́yìn, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní tóun bá ti sin ín tán, a ó ṣègbéyàwó. Mo gbà. Ta ló mọ̀ pé òkú náà ò fẹ́ wọ sàárè?

Gbogbo ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó parí ni "clepe" ń yọjú nínú ìwé ìròyìn ìjọ wa: wọ́n "clepe" ọmọ tuntun, wọ́n "clepe" agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ambrose á ní, "Dorcas, ó tún mí o." Inú rẹ̀ á máa dùn, ọ̀dẹ̀! Èmi á máa fìbínú po ìyẹ̀fun.

Bàbá mi, àlùfáà ìjọ, ló sì ń kọ ìwé ìròyìn náà. Èmi nìkan ló kù fún un nílé látìgbà tí màmá mi ti kú. Ọjọ́ tó yé mi pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo kò ó lójú.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń jí òkú yìí."

"Èdè àwọn baba wa ni mò ń dá sí, ọmọ mi."

"Ẹ dá èmi náà sí."

Mo bá yíjú sí Ambrose tó jókòó tì wá: "Kó kú o, kó yè o, a ń ṣègbéyàwó. Àbí òun lo fẹ́ fẹ́?"

Ó kọ́kọ́ ronú, ìyẹn sì dùn mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ ni."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá mi dìde láti kéde ìgbéyàwó wa fún ìjọ, bí òfin ṣe wí. Ó kà á débi pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ ká so àwọn méjèèjì pọ̀, kó sọ ọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Èmi mọ ọ̀kan," ó ní. "Ta ni yóò máa se ẹyin fún mi láàárọ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ẹyin ló ń wí, omi sì lé sí mi lójú. Ambrose dìde lẹ́yìn mi.

"Mo mọ ẹyin sè, bàbá. Yàrá ilé yín tó wà nísàlẹ̀ sì ṣófo, èmi àti Dorcas lè máa gbé ibẹ̀."

Bàbá mi wò ó títí. Ó dá awò rẹ̀ padà sójú, ó kọjú síjọ.

"Ẹlòmíì ńkọ́?"