Iyùn Tó Ń Jẹun

Ó rẹ Ìyá Ẹlẹ́ja dénú eegun. Kò ta ẹja rí láyé rẹ̀ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa tọ́jú àpótí dígí ńlá kan, tó kún fún omi oníyọ̀ àti ẹja aláràbarà, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà ojú. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì ti sú u láti máa bá wọn jà.

Ìyá rẹ̀ ló ṣàìsàn. Ó lọ tọ́jú rẹ̀, kò fojú ba oorun títí ara ìyá fi yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó lọ wo inú dígí. Iyùn inú omi, ẹlẹ́ka wẹ́wẹ́ tó máa ń pọ́n yòò, ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn gbàgbé. Ewé omi tó ń yọ̀ ti bo ìdí rẹ̀. Kò sí ẹja kankan níbẹ̀.

"Ta ló kó ẹja mi?"

Agbálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mọ́tótó jáde tòun ti àkísà, tẹ̀ríntẹ̀rín. Òun ni Ìyá Ẹlẹ́ja fi ṣọ́ àpótí náà nígbà tó ń lọ.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀! Màmá ńkọ́? Èmi ni mo kó wọn sínú àpótí kékeré lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ ò rí i bí omi ṣe mọ́ gaara?"

"Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́?"

"Wọ́n ń yàgbẹ́ sórí iyùn, Àǹtí! Iyùn! Ohun tí èèyàn ń fi sọ́rùn. Mo ní kò ní ṣojú èmi."

Ìyá Ẹlẹ́ja wá àga kan, ó jókòó. Ó fẹ́ pariwo, agbára rẹ̀ ò gbé e. Lọ́jọ́ tó ń lọ, "Bá mi tọ́jú iyùn" nìkan ló sọ. Mọ́tótó sì ti tọ́jú iyùn.

"Iyùn yìí kì í ṣe ti ọrùn. Ó wà láàyè. Ó ń jẹun."

"Iyùn ń jẹun? Ẹnu dà?"

"Ẹnu wà káàkiri ara rẹ̀, wẹ́wẹ́ ni. Ìgbẹ́ tó o ń sá fún yẹn wà lára oúnjẹ rẹ̀."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Mọ́tótó. "Yéè! Mo ti febi pa iyùn oníyùn!"

Ohùn wọn ló pe dókítà jáde.

"Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí òkú nǹkan máa wo àwọn aláìsàn mi lójú. Bí kò bá sọjí títí ìparí oṣù, a ó da omi rẹ̀ nù, ká to àga síbẹ̀."

Kò sọ ohun tí Ìyá Ẹlẹ́ja yóò máa tọ́jú lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀: ilé ló ń lọ.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, àwọn ẹja kó ara jọ sẹ́yìn páìpù, lẹbẹ wọn lẹ̀ mọ́ ara, oúnjẹ wọn léfòó láìjẹ. Àwọn náà kò ríbi sá sí. Obìnrin méjèèjì rọra bu omi àpótí ńlá sí tiwọn kó lè mọ́ wọn lára, wọ́n sì kó wọn padà. Èyí tó pẹlẹbẹ dojú kọ ewé tó ń yọ̀, ó ń họ ọ́ jẹ. Àwọn kéékèèké aláwọ̀ aró rá pálá wọ àárín ẹ̀ka iyùn.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn," Ìyá Ẹlẹ́ja wí. "Wọ́n á máa fi lẹbẹ fẹ́ ẹ, kí omi má bàa dúró gbagidi sí i lára."

"Bí ẹni ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sọ́mọ tuntun."

Láràárọ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́ja ń gbé ọwọ́ lé dígí. "Olúwa, mi ò lókun àtiwáṣẹ́ mìíràn. Dá ẹ̀mí wọn sí." Àdúrà náà kì í gùn; ó ti rẹ̀ ẹ́ jù.

Nígbà tí oṣù parí, dókítà bẹ̀rẹ̀ síwájú dígí. Àwọn ẹ̀ka kan ti kú tán. Àwọn ìyókù ń pọ́n bọ̀ láti ìdí.

"Ó ń padà bọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà."

Ẹnu tí Ìyá Ẹlẹ́ja yà láti fi dúpẹ́, ó fi yán ni. Ó jókòó sáàárín àwọn aláìsàn.

Ẹja kan yàgbẹ́. Ọwọ́ Mọ́tótó ti gbé àkísà sókè kó tó rántí, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn.

"Àǹtí, wọ́n ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún iyùn o!"

Ìyá Ẹlẹ́ja ti sùn lọ fọnfọn. Mọ́tótó mú ìgbálẹ̀, ó rọra gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.