Ẹgbàá Ebè Ó Lé Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìwé kíkà ń parí ìjà, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé àwọn onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí bàbá mi, Ṣàngówùnmí, kú ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá pín oko iṣu rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rin ọjọ́ kan àtààbọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá jókòó sílé.

Mo ka ebè náà lẹ́ẹ̀mẹta: ẹgbàá ó lé mẹ́ta. Iṣu yẹn náà ni àwọn opó méjèèjì, ìyá mi àti ìyálé rẹ̀, Ìyá Ràmọ́tà, gbójú lé títí òjò á fi rọ̀. Mo ní ká pín in ní ìdí-igi, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdajì. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé kan síhìn-ín, ẹgbẹ̀rún kan ó lé kan sọ́hùn-ún. Ebè kan ṣẹ́ kù.

"Àwa la dàgbà jù, àwa la ni ín," ni Mìkáílù, ọmọ Ìyá Ràmọ́tà, wí.

Ó dáa. Mo ní ká pín in ní orí-ò-jorí láàárín àwa ọmọ méje: igba ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ebè kan ṣẹ́ kù. Bàbá Fágbèmí, àbúrò bàbá mi, bi wá pé ṣé òun àti àwọn àbúrò òun mẹ́ta ti kú ni. A di mọ́kànlá. Ebè kan ṣẹ́ kù! Mo ka àwọn opó mọ́ ọn, a di mẹ́tàlá. Ebè burúkú yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní ká fún alágbe. Wọ́n ní ta ni alágbe máa ṣàdúrà fún?

Orí mi gbóná. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti síléètì. Mo fi méjì pín in, mo fi mẹ́ta pín in, mo ń gùn ún lọ títí mo fi dé mẹ́rìnlélógójì. Níbẹ̀ ni mo dúró, torí pé bí àwọn tó ń pín in bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, ohun tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ iye tí mo ti dán wò tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi ení àti òun fúnra rẹ̀. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo pe gbogbo agbo ilé jọ, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo wèrè, Mìkáílù sì ní òun ń lọ sí kóòtù ajẹ́lẹ̀. Títí ìdájọ́ á fi dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣu.

Lọ́jọ́ kẹwàá, àwọn opó méjèèjì jọ lọ sóko láìsọ fún wa. Wọ́n sè, wọ́n gbé àwo iṣu kan kalẹ̀ níwájú wa.

Mo fò sókè. "Ẹ ti wa ọ̀kan! Ó ku ẹgbàá ó lé méjì! Ó pín sí méjì, ó pín sí méje, ó pín sí mọ́kànlá, ó pín sí—"

"Simon, jókòó," ni ìyá mi wí. "Ebè mẹ́rìnlá la tú ká tó rí àwo kan yìí. Ikán ti jẹ ìyókù. Ìṣirò tèmi àti ti ìyálé mi ni kó o wá ṣe báyìí: kí la máa jẹ títí òjò á fi rọ̀?"

Mìkáílù ti gbé ọkọ́, ó ń sáré lọ sóko. Mo fi síléètì sílẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé e.