Àbàwọ́n Dúdú Nínú Iṣan Bàbá Ergash

"Kí ni ẹ̀rọ wí?" Ọ̀gá Ruzmat bi Jahongir.

Mohira, tó ti ń ka àwòrán iṣan tipẹ́, gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi. Láti ìgbà tí Jahongir ti kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ya kálísíọ́mù, tó ń le bí òkúta, sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá nínú àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní ilé ìwòsàn ọkàn wọn ní Samarkand. Lónìí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ bu tíì fún un, díẹ̀ nísàlẹ̀ ife, bí wọ́n ṣe ń bu ún fún ẹni ọ̀wọ̀. Ti Mohira kún dẹ́nu.

"Ó ní kálísíọ́mù ni, ó sì nípọn," ni Jahongir dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n Mohira ní ọ̀rá ni."

"Ọ̀rá ni," ni Mohira wí. "Èmi ni mo fàmì sí àwòrán tí o fi kọ́ ọ. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni yóò wá máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹun?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ìyá ẹ̀rọ."

"Ti ẹ̀gbọ́n la ó tẹ̀lé," ni Jahongir wí. Bí èrò bá yàtọ̀ níbẹ̀, ti àgbà ló ń lékè.

Bó bá jẹ́ ọ̀rá, wọn yóò ki àwọ̀n irin tó ń mú iṣan ṣí sílẹ̀ bọ iṣan aláìsàn náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ kálísíọ́mù tí wọn kò kọ́kọ́ lọ̀, àwọ̀n náà kò ní ṣí, iṣan sì lè ya. Aláìsàn náà, Bàbá Ergash tó máa ń yan búrẹ́dì tà, ti wà lórí tábìlì nínú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀gá lọ fọwọ́. Mohira ṣí àwòrán náà padà.

"Wá wo ibi tí ẹ̀rọ rẹ ti ṣìnà."

Ó na ìka sí etí àbàwọ́n dúdú tí wọ́n ń jiyàn lé lórí nínú iṣan náà. Etí ọ̀rá kì í hàn dáadáa. Èyí mú bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé. Ó yí àwòrán síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó ṣì mú.

Láàárọ̀, ó ti yọjú wo ìdáhùn ẹ̀rọ kó tó kọ tirẹ̀. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí "kálísíọ́mù" ló fi ìbínú kọ "ọ̀rá".

"O ti rí i tẹ́lẹ̀ pé etí rẹ̀ mú?" ló bi Jahongir.

"Mo rí i."

"O wá dákẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́."

Ìyẹn gan-an tún bí Mohira nínú. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀gá ti wọ ìbọ̀wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ lọ̀ ọ́. Kálísíọ́mù ni."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

Mohira di ilẹ̀kùn mú.

"Jahongir. Èmi ni mo ṣì í."

Ó padà wá jókòó. Inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Kò wo ojú ọmọkùnrin náà.

"Láti ọ̀la," ló wí, "má jẹ́ kí n rí ìdáhùn ẹ̀rọ kí n tó kọ tèmi."