Ọ̀rá Inú Àgbò

Ọ̀rá ń yọ́ nínú ìkòkò, ó ń ta pàràpàrà, Fàlílátù sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ọdún 1957 nìyẹn, ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn orogún rẹ̀ pín ẹran tó le. Òun ṣa ọ̀rá inú àgbò jọ fún Bísíríyù ọkọ wọn. Wọ́n ní ìyálé tó ń tọ́jú ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Wọn ò mọ ohun tí dókítà sọ fún un l'Ékòó ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí àyà ń dun Bísíríyù.

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣòwò lójú ọ̀sà, á yé yín. Ọ̀rá kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ọkọ̀ ló ń wọ̀. Ọkọ̀ kan ń kó o kúrò nínú ẹ̀dọ̀, ó ń já a sí ẹ̀gbẹ́ iṣan títí ọ̀nà á fi dí. Ọkọ̀ kejì ń ṣa èyí tó ṣẹ́kù padà fún ẹ̀dọ̀ kó dà á nù. Ti baálé yín, ọkọ̀ tó ń já ẹrù ló pọ̀ jù. Ẹ má fún wọn lọ́ràá mọ́."

"A dúpẹ́, dókítà."

Wọ́n dé Èbúté Ìkòròdú, wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn padà sí Ẹ̀pẹ́, Fàlílátù ò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rá náà fún ọkọ rẹ̀. Kí ni yóò sọ? Nítorí àwọ̀n kan tó ya ni Bísíríyù ṣe lé Ṣàmsúdéènì, ọmọ kan ṣoṣo tí Fàlílátù bí, jáde sínú òjò. Ibà pa ọmọ náà sí Ìmọ́tà láàárín àjèjì. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ó gbé àwo wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Ṣàmsù, oúnjẹ yín rèé."

Bísíríyù ò fọwọ́ kàn án. "Gbé e fún ìyá rẹ."

Oṣù méjì nìyí tí Bísíríyù fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ pe Sèlíátù, ìyá Fàlílátù, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo àdúgbò ló yìn ín.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Láti ọjọ́ tí Màmá ti dé, bí o bá ti kọjá sọ́jà, àwọn ni mò ń gbé gbogbo ọ̀rá tí o ń sè fún mi fún. Ṣé a kì í fún àna lẹ́ran ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà ti sọ fún èmi náà kó tó pè ọ́. Mo dúró kí o sọ fún mi. N ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ."

Fàlílátù gbé àwo náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kan di àyà mú, ó na èkejì sí àwo.

"Ọlọ́run á dá ọkọ rẹ sí fún wa," ni ó ń wí, èémí ò sì délẹ̀. "Kí ló dé tí o ò gbé e sílẹ̀?"

Fàlílátù lanu. Bó bá ní kí ìyá rẹ̀ má jẹ ẹ́, ìyá náà á béèrè ìdí rẹ̀.